Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ lórí Àwọn Òṣìṣẹ́ Epo Rọ̀bì tí Iṣẹ́ Ń Bọ́ Lọ́wọ́ Wọn

Sí Ààrẹ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà, sí Olórí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin, àti sí gbogbo ọmọ Ilé méjèèjì ní Àbújá.

Ẹ̀yin Ọlọ́lá,

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 2025, Chevron, tí í ṣe ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì àti afẹ́fẹ́ gáàsì tó tóbi jù lọ ní Amẹ́ríkà, kéde pé òun yóò dín iye òṣìṣẹ́ òun káàkiri àgbáyé kù ní ìdá 15 sí ìdá 20 nínú 100, àti pé ètò náà yóò ti parí kí ọdún 2026 tó kógbá sílé. Nǹkan bí 45,000 ènìyàn ló wà lẹ́nu iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà nígbà tí ọdún 2024 ń parí lọ, nítorí náà iye àwọn tí iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ wọn lè súnmọ́ 9,000. Nàìjíríà wà lára ibi tí ilé-iṣẹ́ yìí ti ń wa epo láti ìgbà tí Gulf, ilé-iṣẹ́ tó di ara Chevron lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, ti dé ní ọdún 1961, ó sì ní ọ́fíìsì ńlá ní Lẹ́kkí ní ìlú Èkó àti ibùdó epo ní Escravos ní agbègbè Warri. Síbẹ̀, Àbújá ni lẹ́tà yìí ń lọ, kì í ṣe Houston tí Chevron fi ṣe olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ tuntun, nítorí pé ohun tí ilé-iṣẹ́ ńlá máa ń ṣe fún òṣìṣẹ́ tó fẹ́ dá dúró kò sinmi lé inú rere ọ̀gá rẹ̀ tó bí ó ti sinmi lé ohun tí òfin ìlú sọ di dandan fún un, òfin Nàìjíríà lórí ọ̀rọ̀ yìí kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ní nǹkan kan láti sọ fún òṣìṣẹ́ epo.

Òfin tí ọ̀rọ̀ náà kàn ni Òfin Iṣẹ́, èyí tí ìjọba ológun Ọ̀gágun Yakubu Gowon gbé jáde gẹ́gẹ́ bí àṣẹ nọ́ńbà 21 ti ọdún 1974, tó sì ti wà nínú ìwé òfin àpapọ̀ títí di òní. Abala 20 rẹ̀ ló sọ̀rọ̀ lórí àpọ̀jù òṣìṣẹ́, ó sì túmọ̀ rẹ̀ sí kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn pátápátá láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ fẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé òṣìṣẹ́ ti pọ̀ ju iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ lọ. Èyí yàtọ̀ sí lílé ẹni tó jalè tàbí tó kọ̀ láti ṣiṣẹ́, ó sì yàtọ̀ sí ìfẹ̀yìntì, torí ẹni tí wọ́n dá dúró nítorí àpọ̀jù òṣìṣẹ́ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, ọjọ́ orí rẹ̀ kò sì tíì tó ti ẹni tó ń sinmi. Ohun mẹ́ta ni abala náà béèrè lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́. Ó ní kí ó sọ ìdí tí òṣìṣẹ́ yóò fi dínkù àti bí iye wọn yóò ti pọ̀ tó fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ó ní kí ẹni tó wọlé kẹ́yìn kọ́kọ́ jáde, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé agbanisíṣẹ́ lè wo ìmọ̀, agbára àti bí ènìyàn ṣe ṣe é gbára lé. Ó sì ní kí ó sa ipá rẹ̀ láti jíròrò lórí owó tí yóò san fún àwọn tó ń lọ. Ẹni tó bá fara balẹ̀ ka àwọn gbólóhùn wọ̀nyí yóò rí i pé kò sí èyí tó lágbára nínú wọn. Sísọ fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kì í ṣe bíbéèrè èrò wọn, òfin kò sì sọ iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ ṣáájú. Sísa ipá kì í ṣe sísan owó. Òfin kan náà fún mínísítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lágbára láti ṣe ìlànà tí yóò sọ sísan owó yìí di dandan, ṣùgbọ́n láti ọdún 1974 títí di ìsinsìnyí, kò sí mínísítà kan tó lo agbára náà.

Ṣùgbọ́n ibi tí àléébù náà ti wúwo jù kò sí nínú abala 20 fúnra rẹ̀. Inú abala 91 ló wà, níbi tí òfin ti túmọ̀ ẹni tó ń jẹ́ òṣìṣẹ́. Ìtumọ̀ yẹn yọ gbogbo ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ àbójútó, iṣẹ́ àṣẹ, iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tàbí iṣẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ sílẹ̀, ó sì fi òfin náà mọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé kéékèèké. Ní ọdún 1974 ó lè jẹ́ pé ẹni tó ṣe òfin náà rò pé ọ̀gá lè dá gbèjà ara rẹ̀. Nínú ilé-iṣẹ́ epo òde òní, ohun tí ìtumọ̀ náà ṣe ni pé ó ti gbogbo àwọn tí iṣẹ́ epo gan-an wà lọ́wọ́ wọn síta: onímọ̀ ilẹ̀ tó ń wá ibi tí epo wà, ẹnjiníà tó ń darí gbígbẹ́ kànga, alámòójútó tó ń sun orí ibùdó inú òkun fún ọ̀sẹ̀ méjì méjì, olùṣirò owó, ẹni tó ń ṣọ́ ààbò iná. Àwọn wọ̀nyí ló pọ̀ jù nínú PENGASSAN, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ àgbà lẹ́nu iṣẹ́ epo àti gáàsì, tó yàtọ̀ sí NUPENG tí í ṣe ti àwọn òṣìṣẹ́ kéékèèké. Bí àpọ̀jù òṣìṣẹ́ bá dé bá irú ẹni bẹ́ẹ̀, ohun kan ṣoṣo tó kù fún un ni ìwé ìgbanisíṣẹ́ tó buwọ́ lù lọ́jọ́ tó wọlé. Ìlànà tí àwọn ilé-ẹjọ́ Nàìjíríà jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ni pé agbanisíṣẹ́ lè fòpin sí ìwé náà nígbàkígbà bí ó bá ti fún òṣìṣẹ́ ní ìkìlọ̀ tàbí owó ìkìlọ̀, débi pé bí ilé-iṣẹ́ bá tilẹ̀ jẹ̀bi, owó oṣù ìkìlọ̀ yẹn náà ni adájọ́ sábà máa ń ní kí wọ́n san.

Ilé-ẹjọ́ àpapọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ ti ń gbìyànjú láti gun òkè odi yìí. Láti ìgbà tí àtúnṣe ìwé òfin orílẹ̀-èdè ọdún 2010 ti fún un láyè láti wo ìṣe tó dára jù lọ lágbàáyé nínú ọ̀rọ̀ iṣẹ́, àwọn adájọ́ rẹ̀ mélòó kan ti dá a lẹ́jọ́ pé agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ìdí tó yè kooro kó tó lé ènìyàn, wọ́n sì ti tọ́ka sí àdéhùn nọ́ńbà 158 tí àjọ àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ṣe ní ọdún 1982, àdéhùn tí Nàìjíríà kò tíì fọwọ́ sí. Ìgboyà wọn yẹ fún ìyìn. Àmọ́ kò yẹ kí ẹni tí owó oṣù rẹ̀ ti dúró kọ́kọ́ wá agbẹjọ́rò, kó sì dúró fún ọdún mélòó kan, kí ó tó mọ̀ bóyá ẹ̀tọ́ kan wà fún un. Kódà ẹni tí òfin náà dá mọ̀ pàápàá kò rí nǹkan púpọ̀ gbà, nítorí abala 11 fi ìkìlọ̀ mọ sí oṣù kan péré fún ẹni tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún márùn-ún àti ọdún 30 kò yàtọ̀ lójú òfin yìí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2020 fi hàn bí àìsí òfin ṣe ń rí nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀. Àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà ti ti pápákọ̀ òfurufú àti ojú pópó pa ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, iye owó epo sì já débi pé ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ọdún náà, epo rọ̀bì Amẹ́ríkà tà ní iye tó kéré sí òdo, ìyẹn ni pé ẹni tó ni epo ló ń fi owó kún un kí ẹlòmíràn tó gbà á. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá, Chevron Nigeria Limited kéde pé òun yóò dín òṣìṣẹ́ òun kù ní nǹkan bí ìdá 25 nínú 100, láti ipò dé ipò. PENGASSAN bínú gidigidi, ó sì fẹ̀sùn kan ilé-iṣẹ́ náà pé ó ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òun tún ìwé ìbéèrè iṣẹ́ kọ fún ipò tí wọ́n ti wà tẹ́lẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà ní tirẹ̀ sọ pé òun ń tún ètò òun tò kí òun má bàa kógbá wọlé lọ́jọ́ iwájú. Ẹ̀yìn ìgbà tí ariwo ti ta ni àwọn aláṣẹ tó bọ́ sí àárín wọn. Gbogbo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ ló sinmi lé bí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ṣe lágbára tó àti bí ilé-iṣẹ́ ṣe fẹ́ rọ̀ tó. Lóòótọ́, ẹ̀ka ìjọba tó ń ṣàkóso epo rọ̀bì nígbà náà ti gbé ìlànà kan jáde ní ọdún 2019 pé ilé-iṣẹ́ tó ní ìwé-àṣẹ epo gbọ́dọ̀ gba àṣẹ mínísítà epo kí ó tó dá òṣìṣẹ́ dúró. Ṣùgbọ́n ìlànà kò tó òfin, Òfin Ilé-iṣẹ́ Epo Rọ̀bì ti ọdún 2021 sì ti fi àjọ tuntun méjì rọ́pò ẹ̀ka náà gan-an.

Ó tọ́ kí a gbọ́ ti ilé-iṣẹ́ náà pẹ̀lú. Òwò epo kì í dúró lójú kan: àgbá kan tó ń tà ju 100 dọ́là lọ ní àárín ọdún 2014 ti wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 30 dọ́là nígbà tó fi di oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2016, kò sì sí ilé-iṣẹ́ tó lè ṣe bí ẹni pé kò rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Nínú ètò ti ọdún 2025, Chevron sọ pé òun fẹ́ gé bílíọ̀nù 2 sí bílíọ̀nù 3 dọ́là kúrò nínú ìnáwó òun kí ọdún 2026 tó parí. Lákòókò kan náà ó ń ra ilé-iṣẹ́ Hess ní bílíọ̀nù 53 dọ́là, nítorí ìpín Hess nínú epo Guyana, ìdúnàádúrà náà sì kẹ́sẹ járí ní oṣù Keje ọdún 2025. Ó tún ti kéde ní ọdún 2024 pé òun yóò ná bílíọ̀nù 1 dọ́là lórí ibùdó ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Bengaluru ní Íńdíà. Kò sí èyí tó lòdì sí òfin nínú wọn. Ṣùgbọ́n èrè Chevron ní ọdún 2024 jẹ́ nǹkan bí bílíọ̀nù 17.7 dọ́là, owó tó sì dé ọwọ́ àwọn onípìn-ín, ìyẹn àwọn tó ra ìpín ìdókòwò rẹ̀, jẹ́ nǹkan bí bílíọ̀nù 27 dọ́là lọ́dún kan náà, nígbà tí a bá ro owó èrè tí wọ́n pín pọ̀ mọ́ owó tí ilé-iṣẹ́ fi ra ìpín ara rẹ̀ padà lọ́jà kí èyí tó kù lè níye lórí sí i. Owó tó jáde ju èrè tó wọlé lọ. Ilé-iṣẹ́ tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn onípìn-ín kò lè sọ pé sísan owó ìdádúró tó bójú mu fún ẹni tó ti fi ogún ọdún sìn ín yóò ba òwò òun jẹ́. Àwọn baba ló ní àjọjẹ ò dùn bẹ́nìkan ò ní.

Ìjọba Nàìjíríà fúnra rẹ̀ kò sì jẹ́ àlejò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Chevron Nigeria Limited ló ń darí òwò àjọṣe kan tí NNPC, ilé-iṣẹ́ epo ti orílẹ̀-èdè, ti ní ìdá 60 nínú 100, tí Chevron sì ní ìdá 40. Nígbà tí ìnáwó lórí òṣìṣẹ́ bá dínkù nínú irú àjọṣe bẹ́ẹ̀, ìjọba wà lára àwọn tó ń jẹ àǹfààní rẹ̀, àní òun ni ìpín tirẹ̀ pọ̀ jù. Ẹni tó ní ìpín tó pọ̀ jù nínú oko kò lè dúró sẹ́yìn ọgbà kó máa wò bí wọ́n ṣe ń lé alágbàro lọ, kó sì sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òun. Èyí ló fà á tí lẹ́tà yìí fi ka Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin sí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn gbọ̀ngbọ̀n.

Àwọn tí epo wà nílẹ̀ wọn mọ ohun tí iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ epo túmọ̀ sí. Ní ilẹ̀ Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí àwọn kànga bíi Parabe àti Malu wà nínú òkun, àwọn ọ̀dọ́ tó lé ní 100 gun orí ibùdó Parabe ti Chevron ní oṣù Karùn-ún ọdún 1998, lára ohun tí wọ́n sì ń béèrè ni iṣẹ́ àti àtúnṣe fún omi àti ilẹ̀ tó ti bàjẹ́. Ní ọjọ́ 28 oṣù náà ni àwọn ọmọ ogun dé ibẹ̀, ènìyàn méjì sì kú. Àwọn ará Ìlàjẹ gbé ẹjọ́ náà dé San Francisco, ní oṣù Kejìlá ọdún 2008 ni ìgbìmọ̀ aráàlú tó ń gbọ́ ẹjọ́ náà sì dá Chevron láre. Ibi yòówù kí ènìyàn dúró sí lórí ìdájọ́ yẹn, òótọ́ kan kò ṣe é sẹ́: iṣẹ́ wà nínú ohun tí àwọn ọ̀dọ́ fi ẹ̀mí ara wọn wéwu fún. Iṣẹ́ kan náà ni òfin ìlú gbà kí ó parí pẹ̀lú ìwé kan àti owó oṣù kan.

Gbèsè kan tún wà tí àwọn tó ń jókòó nínú Ilé méjèèjì lónìí jẹ àwọn òṣìṣẹ́ epo. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1994, NUPENG bẹ̀rẹ̀ ìdáṣẹ́sílẹ̀, PENGASSAN sì dara pọ̀ mọ́ ọn, kí ìjọba Ọ̀gágun Sani Abacha lè bọ̀wọ̀ fún ìbò June 12 ọdún 1993 tí Olóyè MKO Abíọ́lá jáwé olúborí nínú rẹ̀. Frank Kokori, akọ̀wé àgbà NUPENG, lo nǹkan bí ọdún mẹ́rin ní àtìmọ́lé nítorí rẹ̀. Ó kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, òfin tó bá lójú iṣẹ́ náà ló sì fi sílẹ̀ lọ. Ìjọba alágbádá tó dé ní ọdún 1999 ti yan aṣòfin sí ipò léraléra, síbẹ̀ kò sí Ilé kan tó fọwọ́ kan abala 20.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn ṣòro jù lọ ni àwọn òṣìṣẹ́ kọ́ńtíráàtì. Àwọn wọ̀nyí ni àwọn tí ilé-iṣẹ́ epo kò gbà fúnra rẹ̀, tó jẹ́ pé agbaṣẹ́ṣe kan ló gbà wọ́n, tó sì yá ilé-iṣẹ́ náà lò. Wọ́n ń wọ aṣọ iṣẹ́ kan náà, wọ́n ń dé akoto kan náà, wọ́n ń wọ ọkọ̀ ojú omi kan náà lọ sí ibùdó kan náà, ẹlòmíràn nínú wọn sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kan ṣoṣo fún ọdún mẹ́wàá tí agbaṣẹ́ṣe ti yí padà lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin, tó jẹ́ pé ní gbogbo ìgbà tí agbaṣẹ́ṣe bá yí padà ni ọdún iṣẹ́ rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá kéde pé òun dín òṣìṣẹ́ kù, iye tí wọ́n sábà máa ń kà ni ti àwọn tó wà nínú ìwé owó oṣù tirẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ti lọ kí ìkéde tó jáde, láìsí ẹni tó kà wọ́n. Ó yẹ kí a sọ pé ilé-iṣẹ́ epo BP ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, nígbà tó kéde pé 4,700 òṣìṣẹ́ tirẹ̀ yóò lọ, tó sì fi kún un pé 3,000 iṣẹ́ alágbàṣe náà yóò dínkù. Ó kéré tán, wọ́n rí wọn kà. Ní Nàìjíríà, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ gbé ìlànà kan jáde ní ọdún 2011 lórí lílo òṣìṣẹ́ kọ́ńtíráàtì lẹ́nu iṣẹ́ epo, kí àwọn náà lè wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ìlànà náà kò sì ní agbára òfin. Bí agbaṣẹ́ṣe bá ní òun kò ní owó, ilé-iṣẹ́ epo a ní òun kọ́ ni òun gbà wọ́n síṣẹ́, òṣìṣẹ́ a sì wà láàárín méjèèjì lọ́wọ́ òfo. Ìyà tó tóbi jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, òun ló sì yẹ kí ó kọ́kọ́ gba àkókò àwọn aṣòfin.

Ohun tó ń dé bá agbo ilé lẹ́yìn náà kò ṣòro láti mọ̀. Iṣẹ́ epo wà lára èyí tó ń sanwó jù ní Nàìjíríà, nítorí náà ẹnìkan tó wà nídìí rẹ̀ kì í bọ́ ìyàwó àti ọmọ nìkan. Òun ló ń san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n, òun ló ń ra oògùn ìyá, òun ló dúró fún ẹlòmíràn nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ilé tó ń gbé sì lè jẹ́ èyí tó yá owó ilé-iṣẹ́ kọ́. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá bọ́, ètò ìlera tó so mọ́ iṣẹ́ ń bọ́ pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n sì lè yọ gbèsè tó kù nínú owó tó yẹ kí wọ́n san fún un. Òfin Owó Ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 gba ẹni tí kò tíì pé 50 ọdún láyè láti yọ ìdá 25 nínú 100 owó tó ti tọ́jú, lẹ́yìn tó bá ti wáṣẹ́ fún oṣù mẹ́rin tí kò rí. Owó ara rẹ̀ ni wọ́n ń fún un, ọjọ́ ogbó rẹ̀ ló sì ń jẹ nígbà tí kò tíì dé. Àjọ NSITF, tó ń gba ìdá 1 nínú 100 owó oṣù lọ́wọ́ àwọn agbanisíṣẹ́ lábẹ́ òfin ọdún 2010, wà fún ẹni tó fara pa, tó ṣàìsàn tàbí tó kú nídìí iṣẹ́ nìkan. Ẹni tí ara rẹ̀ le koko ṣùgbọ́n tí kò níṣẹ́ mọ́ kò sí nínú ìwé wọn.

Chevron kan náà kò lè dá òṣìṣẹ́ dúró lọ́nà bẹ́ẹ̀ nílé ní Amẹ́ríkà. Òfin Amẹ́ríkà kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 1988 sọ pé agbanisíṣẹ́ tó ní 100 òṣìṣẹ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ fún wọn ní ìkìlọ̀ ọjọ́ 60 kí ó tó dá ọ̀pọ̀ nínú wọn dúró, kí ó sì sọ fún ìjọba ìpínlẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ dá 100 ènìyàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dúró gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í jíròrò pẹ̀lú ẹgbẹ́ wọn ní ọjọ́ 45 ṣáájú ìgbà tí ẹni àkọ́kọ́ yóò lọ, ẹni tó bá sì ti lo ọdún méjì ní ẹ̀tọ́ sí owó tí òfin fúnra rẹ̀ ṣírò gẹ́gẹ́ bí iye ọdún tó lò àti ọjọ́ orí rẹ̀. Kò sí ẹnìkan tó gbọ́ pé epo Texas tàbí ti Òkun Àríwá dáwọ́ dúró nítorí òfin wọ̀nyí.

Àwọn kan yóò sọ pé bí òfin bá le jù, àwọn olùdókòwò yóò sá lọ, pàápàá nígbà tí Shell, ExxonMobil àti Eni ti ta ọ̀pọ̀ nínú kànga orí ilẹ̀ àti etí òkun wọn fún àwọn ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà láàárín oṣù Kẹjọ ọdún 2024 sí oṣù Kẹta ọdún 2025. Ọ̀rọ̀ náà tó kí a dáhùn rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyẹn sọ pé inú omi jíjìn ni àwọn fẹ́ kọjú sí, epo jíjí àti fífọ́ ọ̀pá epo sì ti dá wọn lágara. Kò sí ìkankan nínú wọn tó lè sọ pé abala 20 ló lé òun, torí abala 20 kò ná an ní kọ́bọ̀. Àìsí òfin gan-an ló ń ná orílẹ̀-èdè lówó. Ní ìparí oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, PENGASSAN sọ pé ilé ìfọpo Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, tó lè fọ 650,000 àgbá epo lójúmọ́, ti lé àwọn ọmọ Nàìjíríà tó lé ní 800 nítorí pé wọ́n wọ ẹgbẹ́. Ilé-iṣẹ́ náà sẹ́ èyí, ó ní àtúntò ni òun ń ṣe nítorí àwọn tó ń ba iṣẹ́ òun jẹ́. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ìdáṣẹ́sílẹ̀ ti dí ìṣàn epo àti gáàsì lọ́wọ́, kí mínísítà ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tó pe ìhà méjèèjì jókòó, tí wọ́n sì gbà pé kí wọ́n gbé àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn lọ sí àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn tó jẹ́ ti Dangote láìdín owó oṣù wọn kù. Bí òfin bá ti sọ tẹ́lẹ̀ ohun tí ó gbọ́dọ̀ ṣáájú ìdádúró, kí ẹni tó fẹ́ dá òṣìṣẹ́ tó lé ní 50 dúró máa fi ìdí rẹ̀ hàn níwájú aláṣẹ kí ó tó kọ ìwé sí wọn, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ náà má dé ojú pópó rárá.

Nítorí náà, ohun tí lẹ́tà yìí ń béèrè kò pọ̀, kò sì ṣòro. Kí Ilé méjèèjì tún ìtumọ̀ òṣìṣẹ́ inú abala 91 ṣe, kí ẹnjiníà àti olùṣirò owó lè wọ abẹ́ ààbò abala 20 bí àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ ti wọ ọ́. Kí òfin fúnra rẹ̀ sọ iye owó oṣù tí wọn yóò san fún ọdún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, láìdúró de mínísítà, kí ìkìlọ̀ sì máa gùn bí ọdún iṣẹ́ bá ṣe ń gùn. Kí ilé-iṣẹ́ epo tó lo òṣìṣẹ́ kọ́ńtíráàtì jẹ́ onígbọ̀wọ́ fún owó tí agbaṣẹ́ṣe bá kọ̀ láti san, kí ọdún iṣẹ́ irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sì máa tẹ̀ lé e láti ọwọ́ agbaṣẹ́ṣe kan dé ọwọ́ òmíràn. Kí ìlànà gbígba àṣẹ kí wọ́n tó dá òṣìṣẹ́ epo dúró kúrò ní ìlànà, kí ó di òfin lábẹ́ àjọ tó ń ṣàkóso wíwa epo. Kí Ilé sì ní kí NSITF ṣe ìṣirò ohun tí yóò náni láti fi ìrànwọ́ oṣù mẹ́fà kún iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹni tí àpọ̀jù òṣìṣẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí àwọn agbanisíṣẹ́ tó ń rí èrè jù ní orílẹ̀-èdè yìí sì jẹ́ àwọn tí yóò kọ́kọ́ dá sí i.

Chevron ti sọ pé òun yóò parí ètò tòun kí ọdún 2026 tó tán. Ẹ̀yin Ọlọ́lá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí àbá òfin yìí ti gba ìwé kíkà àkọ́kọ́ ṣáájú ọjọ́ náà, kí àwọn ìgbìmọ̀ yín lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti lórí epo rọ̀bì sì gbé ìpàdé ìtagbangba rẹ̀ dé Warri, Port Harcourt, Igbókòdá ní ilẹ̀ Ìlàjẹ àti Èkó, kí àwọn tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn lè fi ẹnu ara wọn sọ ohun tí ojú wọn rí.